Ẹsẹ̀ Dùùrù

Tọ́rọ̀ kan la fi ń ra búrẹ́dì tó gùn bí apá ọmọdé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ìkìrun nígbà èwe mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà ra èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, afẹ́fẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Sísì ni ọkọ̀ ojú irin ń gbà láti Òkukù dé Ìkìrun, bí ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì bá rí ọ. Bí kò bá rí ọ, ọ̀fẹ́ ni. Lónìí, kí ọ̀kadà tó gbé mi láti Ìnísà dé Òkukù, owó tí mo máa san ì bá ti rán mi nílé ìwé fún odindi sáà kan láyé ọjọ́un.

Àwọn ọmọ mi kì í fẹ́ kí n sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n á ní, "Dádì, ẹ sọ iye tí wọ́n ń san fún yín lóṣù nígbà náà kún un." Mo gbà, wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò lè fi iye rẹ̀ àná wé ti òní, ìyẹn ni ẹsẹ̀. Nígbà èwe wa, a kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ níye. Ọ̀fẹ́ la bá a lára, bí ohun ọ̀fẹ́ náà la sì ṣe ń lò ó.

Àwa márùn-ún la jọ ń rìn. Èmi jẹ́ ọmọ Ìnísà, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ìkìrun, àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ ọmọ Òkukù. Ìkìrun la ti kàwé girama, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí la sì ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, a ó gba ojú irin padà sílé, a ó máa fò láti orí igi ìdábùú kan bọ́ sórí èkejì. Ọmọ Ìkìrun, tí ilé tirẹ̀ wà lẹ́yìn wa, á sìn wá jìnnà, kìkì nítorí pé ó fẹ́ràn àwàdà wa, lẹ́yìn náà á dá nìkan padà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Òkukù ni ìtàn yìí dá lé. Òun ló mọ fífò jù. Bó ṣe ń fò ló ń fi ẹnu pe ohùn orin, dò, mì, sò, nítorí pé kátíkíìsì ìjọ wọn ti ń kọ́ ọ ní dùùrù láti kékeré, ìyẹn dùùrù àtijọ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí, kó fojú inú wo àpótí ńlá kan tí eyín funfun àti dúdú wà lókè rẹ̀, tí pátákó méjì sì wà nísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń tẹ ọ̀kan lọ sílẹ̀, ti òsì á máa gòkè. Pátákó méjèèjì ló ń fẹ́ ẹwìrì kan tó wà nínú àpótí, bíi ti alágbẹ̀dẹ. Bí ẹsẹ̀ bá dákẹ́, ẹ̀mí inú àpótí á tán, orin á sì kú. Ọwọ́ ló ń kọrin, ẹsẹ̀ ló ń mí. Ọ̀rẹ́ mi sọ pé igi ìdábùú ojú irin lòun fi ń kọ́ ẹsẹ̀ òun níṣẹ́.

Ayé pín wa. Mo lọ sí yunifásítì, mo kọ́ kẹ́mísìrì, mo sì fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí mo kọ́. Ọ̀rẹ́ mi di olùkọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òkukù, kò sì kúrò nídìí dùùrù ìjọ wọn. Àwọn àlùfáà ń wá, wọ́n ń lọ. Òun jókòó síbẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ló gba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ìṣó kan ló gún un lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, egbò tí ọmọdé ì bá fi eré gbàgbé. Ó kọ̀, kò san. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Nígbà tí mo lọ kí i nílé ìwòsàn ní Òṣogbo, mo dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ń wojú rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ ará Ìnísà, o ti wá kí mi, o wá ń wojú mi bí ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀."

Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe ẹsẹ̀ mìíràn fún un. Ihò kan wà lókè tí kùkùté ẹsẹ̀ ń wọ̀, ọ̀pá irin wà láàárín, pẹpẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nísàlẹ̀ tó dúró bí àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń tẹ̀, tó sì ń nà padà bí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe pẹpẹ yìí, òwú dígí tí wọ́n rì sínú résìn. Omi tó ki bí oyin ni résìn. Bí a bá fi oògùn rẹ̀ sí i, á gan, á sì le koko. Ohun náà ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ńpà ọkọ̀ àti táńkì omi.

Ó fi ẹsẹ̀ náà rìn. Kò pẹ́ tó fi ń rìn débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé bàtà ló ń há a. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sídìí dùùrù, pẹpẹ náà dá. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó tún dá. Ọkùnrin tó ń ṣe ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé, "Bàbá, ẹsẹ̀ ìrìn ni mo ṣe fún yín. Ẹ lè fi rìn dé Ìlọrin bí ẹ bá fẹ́. N kò ṣe ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ dùùrù." Nítorí pé nínú ìrìn, ẹsẹ̀ a máa sinmi. Nídìí dùùrù, orin ìsìn kan ṣoṣo a máa tẹ pẹpẹ náà síwá sẹ́yìn ju ìrìn odindi ọjọ́ lọ. Ó gbìyànjú kó fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́. Dùùrù ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó sáré, ẹgbẹ́ akọrin sì ń bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wá ra kíbọ́ọ̀dù. Ìgbìmọ̀ ìjọ sì sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé lẹ́yìn Ìkórè ọdún yẹn, àwọn máa gbé dùùrù àtijọ́ kúrò, nítorí ó ń gba àyè, kò sì sí ẹni tó ń lò ó mọ́. Ó rán ọlọ́kadà sí mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti bọ́ ẹsẹ̀ náà, ó gbé e sórí àga bí àlejò.

"Mo fẹ́ tẹ dùùrù yẹn ní Ìkórè yìí," ó wí. "Láti orin àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n gbé e lọ síbi tó bá wù wọ́n. N kò fẹ́ kó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo dìde nídìí ẹ̀ kẹ́yìn, èmi ò mọ̀ pé ó ti kẹ́yìn."

"Lo kíbọ́ọ̀dù," mo ní. "Wọn ò kúkú gé ìka rẹ."

"Kíbọ́ọ̀dù ò lẹ́mìí. Ìjẹta, iná lọ, orin kú sí wa lẹ́nu kí a tó dé Àmín. Ẹ̀yin ará Ìnísà ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ò kọrin rí, ariwo lẹ̀ ń pa."

Mo padà sílé, mo ń ro ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ìsìn kan ṣoṣo.

Ọmọ Ìkìrun tó máa ń sìn wá lójú irin ti kú ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì. Bó bá wá kí ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun, á yà sọ́dọ̀ mi ní Ìnísà, kí n sọ ìtàn èwe bàbá rẹ̀ fún un. Dádì Ìnísà ló ń pè mí, ó sì ń pe ọ̀rẹ́ mi ní Dádì Òkukù. Lọ́jọ́ tó wá lẹ́yìn èyí, ìtàn ẹsẹ̀ tó ń dá ni mo sọ fún un. Ó gbé ife omi tó ń mu sílẹ̀.

"Dádì Ìnísà, ohun tó ń dá yẹn gan-an niṣẹ́ mi o. Sà, kí ni wọ́n kọ́ yín nípa kábọ̀n?"

"Wọ́n kọ́ wa pé oríṣi méjì ni. Ọ̀kan rọ̀, òun ló wà nínú pẹ́ńsùlù. Ìkejì le, òun ni dáyámọ́ńdì."

"Ó ti bímọ lẹ́yìn yín, sà."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́. Ẹní kan wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ mi. Ó fà á jáde, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó ní kí n ka ẹní náà sí kábọ̀n tó fẹ́lẹ́ débi pé kò sí ohun tó lè fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ó ká a, ó di ọ̀pá oníhò gbọọrọ. Ó ní bí wọ́n ṣe rí nìyẹn, nígbà mìíràn ẹní kan á wà nínú ẹní kejì, ẹní kejì nínú ẹní kẹta. Bí a bá la irun orí kan sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ọ̀pá náà máa sanra tó. Síbẹ̀ bó ṣe kéré tó, fífà ò lè já a bọ̀rọ̀. Lójú èèyàn, bí wọ́n bá kó ara wọn jọ, iyẹ̀fun dúdú lásán ni, bí ẹ̀ńjẹ́, èérí dúdú tí èéfín àtùpà ń fi sílẹ̀.

"Kí ló wá kan ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi?"

"Ẹ wò ó, Dádì. Pẹpẹ yẹn kì í dá lọ́jọ́ tó dá. Ó ti ń dá tipẹ́. Ìlà kékeré kan á kọ́kọ́ sán nínú résìn, níbi tójú ò tó. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á gùn sí i. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, á tún gùn. Ṣùgbọ́n bí iyẹ̀fun yìí bá wà nínú résìn, bí ìlà yẹn ṣe ń sán bọ̀, á bá àwọn ọ̀pá wọ̀nyí lójú ọ̀nà. Wọ́n á di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú bí òwú tí wọ́n fi rán aṣọ tó ya."

Mo rántí bèbè odò Ọ̀tìn. Níbi tí gbòǹgbò koríko bá pọ̀ sí, omi òjò kì í rí ilẹ̀ ibẹ̀ gbé lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń wo gbòǹgbò koríko bí ohun tó lágbára. Mo sọ ọ́ fún un, ó sì ní òun máa fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kọ́ mi ní kẹ́mísìrì. Ìgbà tí èmi jókòó ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí a wọ ẹ̀wù funfun, tí òórùn gáàsì kún imú wa, a rò pé ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó ni gbogbo ohun tó wà. Àṣé kábọ̀n ń fi tirẹ̀ pamọ́ fún wa nínú ẹ̀ńjẹ́ tí a ń nù kúrò lára ògiri.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kìlọ̀. Ó ní àwọn ọ̀pá náà fẹ́ràn ara wọn jù. Bí a bá dà wọ́n sínú résìn bẹ́ẹ̀, wọ́n á dì mọ́ ara wọn, wọ́n á di kókó, bí ògì tí a da omi gbígbóná sí láìkọ́kọ́ fi omi tútù pò ó. Ibi tí kókó bá sì wà, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan á ti fọ́. Nítorí náà, ìwọ̀nba la ń fi sí i, ìwọ̀nba tó kéré gidigidi, a ó sì lo ẹ̀rọ kan tó ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ gbọn kókó túká. Ẹ̀rọ náà wà ní yunifásítì wọn. Òun á pò ó níbẹ̀, òun á gbé e wá.

Ọkùnrin tó ń ṣe ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn gbà láti so pẹpẹ náà mọ́ ọ̀pá, bó bá jẹ́ pé ìdí dùùrù nìkan ni wọ́n máa lò ó. Ẹsẹ̀ ìrìn wà lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ dùùrù á wà lọ́tọ̀. Ó sì yá wa ní àwòṣe rẹ̀. A gbé e tọ oní-fáíbà kan ní Ìkìrun, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún bọ́ńpà ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Òṣogbo. Bọ́ńpà rọ̀ káàkiri ògiri rẹ̀ bí ẹran lọ́jà. Onígbàgbọ́ gidi ni, kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgbàdúrà.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi wọ kórópe wá láti Òkukù, ó fi ẹsẹ̀ ìrìn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ gbọn ṣòkòtò. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó sì ṣí agolo résìn tó pò wá. Ó dúdú bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lábẹ́ mọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi yọjú wò ó.

"Mélòó lo fi sí i?"

Ó gbé ìgò kékeré kan sókè, èyí tí iyẹ̀fun gbígbẹ kù nínú rẹ̀. "Èyí tí mo fi sínú agolo ò tó ìdajì èyí tó ṣẹ́kù síbí, sà."

"Ìdajì kí ni? Ọmọ mi, bàbá rẹ ò láhun o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìyá rẹ ta gààrì lọ́jà Ìkìrun títí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Ǹjẹ́ ó wọn gààrì fún ẹnikẹ́ni rí láìbu ènì lé e?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe gààrì."

"Kí ló dé tó o wá ń wọ̀n ọ́n bí oògùn òyìnbó?"

"Oògùn òyìnbó náà ni, Dádì Òkukù."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, oní-fáíbà náà rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ọmọbìnrin náà ti fẹ́ kún ní gáréèjì, mo sì ní n óò sìn ín dé ibẹ̀. Kí a tó lọ, ọ̀rẹ́ mi bẹ̀ ẹ́ kó fi ìgò náà sílẹ̀, kí òun fi han ìyàwó òun nílé. Ó fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i, sà. Kò yẹ kó wọ inú imú."

Nígbà tí mo padà, iṣẹ́ ti lọ jìnnà. Oní-fáíbà ti tẹ́ òwú dígí sínú àwòṣe, ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì kun résìn dúdú lé e, ìpele lórí ìpele. Kò gbójú sókè wò mí. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí táyà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti bu ẹran jẹ nínú ìkòkò. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Pẹpẹ náà gan, wọ́n fi ayùn gé etí rẹ̀ dọ́gba, wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ dán an wò, mo lọ sí Òkukù. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìjọsìn ju àwọn ìyá méjì tó ń gbálẹ̀. Ó jókòó, ó wọ ẹsẹ̀ dùùrù, ó fi ọwọ́ nu eruku orí eyín, ó bẹ̀rẹ̀. Èémí gba inú àpótí náà kọjá, orin jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó fara ti òpó. Orin kìíní parí. Láàárín ìkejì, mo gbọ́ ọ. Kò dún bí igi tó ṣẹ́. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn fi eyín fọ́ èkùrọ́. Dùùrù náà mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kò gbé ọwọ́ kúrò lórí eyín dùùrù. Ó ń wo iwájú.

"Ènì ni," ó wí.

"Kí lo wí?"

"Ènì ni mo fi sí i."

Báyìí ló ṣe jẹ́wọ́. Bí a ṣe jáde tán lọ́jọ́sí, ó ní kí oní-fáíbà da ìyókù ìgò náà sínú agolo. Oní-fáíbà kọ̀, ó ní Àǹtí ní kí a má ṣí i. Ọ̀rẹ́ mi bi í pé ṣé bí bàbá tó bí i lọ́mọ bá dúró síwájú rẹ̀, á wọn nǹkan fún un géérégé láìsí ènì. Ọmọ Yorùbá wo ló lè dáhùn ìyẹn? Ó dà á sí i, ó fi igi rò ó, ó sì gbàdúrà lé e lórí.

N kò mọ̀ bóyá kí n bínú tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Ìkórè ti sún mọ́lé. Mo pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù, ó sì wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó gbé ojú ibi tó dá sábẹ́ awò kékeré kan, ó pè wá kí a wò ó. Mo rí i. Kókó dúdú dúdú, wínníwínní, bí kókó inú ẹ̀kọ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rò ṣe. Láti orí ọ̀kan nínú wọn ni ìlà náà ti sán bọ̀.

Kò bá ọ̀rẹ́ mi wí. Bó ṣe dákẹ́ ló dun ọ̀rẹ́ mi. Ó ti ń wá ẹni tó máa bá a jà.

"Ọmọ mi, sọ̀rọ̀," ó wí. "Bú mi díẹ̀."

"Mi ò lè bú yín, sà. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn ló tán. Èyí tó kù lọ́dọ̀ mi ni mo ti pò sínú résìn tí mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi." Ó wo ilẹ̀. "Ó kéré. Ṣùgbọ́n ó tó pẹpẹ kan."

"Iṣẹ́ tìrẹ wá ńkọ́?"

"Wọ́n á tún fún mi lọ́dún tó ń bọ̀. Ìkórè ni kò lè dúró, sà."

Ọ̀rẹ́ mi mú pẹpẹ tó dá náà, ó ń yí i lọ́wọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un pé, "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́." Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé òun ti kọ́ ọmọdé ní òwe náà kí n tó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọbìnrin náà dúró títí iṣẹ́ fi parí. Mo ń wo ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí résìn ku ìsàlẹ̀ agolo, oní-fáíbà dojú agolo náà délẹ̀, ó gbá a nídìí gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ́ ọn lára, kí ó lè kán tán. Ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù dà sórí pẹpẹ, ó tẹ́ ẹ, ó dọ́gba. Ó kéré lójú. Ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ sí agolo náà, ó fà á padà. Ó ṣí ẹnu, ó pa á dé, ó gbójú sókè sí bọ́ńpà kan lára ògiri, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ rà á. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí a ti ń fò lójú irin. N kò rí i kó ṣe ohun tó nira tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Iṣu, àgbàdo, adìyẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún iwájú pẹpẹ ìrúbọ. Wọ́n fi aṣọ bo kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀rẹ́ mi ti jókòó sídìí dùùrù kí ìjọ tó pé, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí bó ṣe ń pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó tì mí. Láti orin ìwọlé ni mo ti gbàgbé láti kọrin. Èkùrọ́ ni mo ń dẹtí sí. Orin ọpẹ́ kọjá. Ti ọrẹ kọjá, ó sì gùn, nítorí ìdílé ń jó jáde lẹ́yìn ìdílé, kò sì sí ẹni tó fẹ́ tètè jókòó. Mo ń wo èjìká rẹ̀ tó ń lọ, tó ń bọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ọmọdé.

Orin tó kẹ́yìn dé. Bí wọ́n ṣe wọ ẹsẹ orin tó parí rẹ̀, ohun kan ya nínú àpótí náà, ó ya gbàà, bí aṣọ àtijọ́. Ohùn dùùrù rẹlẹ̀, ó di afẹ́fẹ́ lásán, ó lọ. Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ mi mú. Ìjọ kò dúró. Wọ́n fi ohùn ara wọn gbé orin náà lọ, ọkùnrin nísàlẹ̀, obìnrin lókè. Ọ̀rẹ́ mi kò sì dúró. Ó ń tẹ pátákó méjèèjì nìṣó, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, láìsí ohùn kankan, títí wọ́n fi ṣe Àmín.

Nígbà tí èrò jáde, ó ká ṣòkòtò sókè. Pẹpẹ náà wà níbẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, kò sán.

"Wò ó," ó wí. "Awọ ẹwìrì ló ya. Ẹsẹ̀ ò ṣe nǹkan kan."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, sà," ọmọbìnrin náà wí. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ náà. "Bí a bá fún ibì kan lágbára, ẹrù á wá ibòmíràn lọ. Iṣẹ́ wa ni kí a mọ ibi tó kàn."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé dùùrù náà kúrò bí wọ́n ti sọ. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n gbé e lọ, ó gba ìdajì pálọ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ò sì tíì dákẹ́ lórí rẹ̀. Oní-fáíbà wá láti Ìkìrun, ó lẹ awọ mọ́ ibi tó ya, kò gbowó, ó ní ọ̀rọ̀ ènì ṣì ń dun òun. Ìdajì ohùn dùùrù náà ti padà. Bí mo bá lọ síbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi á tẹ̀ ẹ́ fún mi, a ó sì máa fi ẹnu kún àwọn ibi tí kò dún mọ́.

Nínú àwa márùn-ún tí a jọ fò lórí igi ìdábùú, ọmọ Ìkìrun ló kọ́kọ́ lọ. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ dúró, ní ọ̀sán gangan, kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Òkukù tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ìkejì nínú wọn wà láàyè ní Ìlọrin lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, Alhaji ni báyìí, ṣùgbọ́n ìrántí rẹ̀ ti lọ. Bí mo bá pè é, kò mọ̀ mí, á kàn bi mí bóyá ọkọ̀ ojú irin ti dé. Mo máa ń sọ fún un pé ó kù díẹ̀. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ dùùrù wà láàyè ní Òkukù. Èmi náà wà, ní Ìnísà.